Igbó Tó Ń Jí Kí Oòrùn Tó Là

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé obìnrin nìkan ló ń jowú. Ọkùnrin kan wà ní Orozo, lọ́nà tó lọ sí Karshi, Japheth Àyàndá ni wọ́n ń pè é. Owú tí ọkùnrin yìí jẹ lọ́dún tó kọjá, bí wọ́n bá pín in fún gbogbo orogún àdúgbò, yóò kárí, yóò sì ṣẹ́kù. Kì í sì í ṣe obìnrin ló jowú lé lórí. Kì í ṣe ilé, kì í ṣe mọ́tò. Orí igbó ló ti jowú, igbó kan tó wà lọ́hùn-ún ní ìhà Oǹdó, tí òun fúnra rẹ̀ kò dé mọ́ láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn ún.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Japheth. Ọmọ Ìlá ni, ó sì ti pẹ́ ní Àbújá débi pé ó rántí ìgbà tí oko ọkà bàbà ṣì wà níbi tí ilé rẹ̀ wà báyìí. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà láàárín ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ igbó àti ojú ọ̀run. Iṣẹ́ náà nira láti ṣàlàyé fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ Japheth ti wá ọ̀nà tí yóò máa fi sọ ọ́. Á ní oòrùn ń da ooru lé igbó lórí lójoojúmọ́, igbó kì í sì í jẹ gbogbo rẹ̀. Ó ń dá díẹ̀ padà sójú ọ̀run, ó ń fi díẹ̀ mú afẹ́fẹ́ gbóná, ó ń fi díẹ̀ pamọ́ sínú ìtì igi àti sínú ilẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù, ó ń fi làágùn. Bẹ́ẹ̀ ni, igi ń làágùn. Omi tó ń jáde lára ewé yẹn ló ń gòkè lọ di ìkùukùu, òun náà ló sì ń padà wá bí òjò. Bí èèyàn bá lè fi ìṣirò kọ́ irú igbó bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí ó máa gba ooru kí ó sì máa ná an bí igbó gidi ṣe ń ná an, yóò lè sọ ohun tí ojú òjò máa rí bí wọ́n bá gé igbó gidi náà lulẹ̀. Igbó inú kọ̀ǹpútà yìí ni wọ́n ń pè ní mọ́dẹ̀lì.

Japheth ló gbé òpó irin dúró sínú igbó Oǹdó yẹn. Òpó náà ga kọjá orí igi, wọ́n so àwọn ẹ̀rọ mọ́ ọn tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin tó ń tinú igbó jáde. Òun ló gùn ún lọ sókè tòun ti okùn nídìí, tí èèrà ń jẹ ẹ́ lọ́rùn, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ to aago ẹ̀rọ náà. Aago Gíríníìṣì ló tò ó sí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń ṣe, kí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ kan lè bá ti ilẹ̀ kejì mu. Aago tiwa ní Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú ti Gíríníìṣì. Bí Japheth bá ti gba àkọsílẹ̀ òpó sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kó fi wákàtí kan kún un. Ó ti mọ́ ọn lára bí ẹni ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Kò kọ ọ́ síbì kankan, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ náà nígbà yẹn.

Lẹ́yìn náà ni Mofìyìnfólúwa dé. Agùnbánirọ̀ ni nígbà tó kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì wọn, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Japheth fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló kọ́ ọ bí igbó ṣe ń ná ooru, òun ló bá a wá yàrá ní Orozo, òun ló sì ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé e lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Nígbà tí Mofìyìn lọ kàwé sí i tó sì padà wá di òṣìṣẹ́ pátápátá, inú Japheth dùn, ó fa gbogbo àkọsílẹ̀ òpó náà lé e lọ́wọ́. Ó ní gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó gbàgbé wákàtí kan. Kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn lọ́jọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí á gbè é níbi tó bá ti yẹ kí á gbè é.

Ẹ̀ka tuntun ló ba nǹkan jẹ́. Ọ̀gá àgbà wọn, Àlájà Rahmah, ọmọ Ìlọrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, kéde pé wọn yóò dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún igbó àti afẹ́fẹ́, ẹ̀ka náà yóò sì ní ọ̀gá tirẹ̀. Kí wọ́n tó sọ ẹ̀ka náà lórúkọ ni Japheth ti jókòó sórí àga rẹ̀ nínú ọkàn. Ta ni ì bá tún fún? Ta ló gun òpó? Àmọ́ mọ́dẹ̀lì igbó tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní àléébù kan tó ti ń bá a fà á láti ọjọ́ pípẹ́: ooru tó ń wọlé àti ooru tí igbó ń ná kì í dọ́gba. Díẹ̀ máa ń sọnù, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà. Kárí ayé ni ìṣòro yìí wà, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá ń wá èsì kì í fẹ́ gbọ́ ti kárí ayé.

Mofìyìn wá gbé mọ́dẹ̀lì tuntun jáde, èyí tó ń fi ara rẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ lára àkọsílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán oòrùn lórí òpó ti kú láti ìgbà tí àrá ti sán lù ú, nítorí náà ó lọ mú ti oòrùn láti ara sátẹ́láìtì, èyí tí ọ́fíìsì ti yí sí aago Nàìjíríà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òógùn igbó tó ti orí òpó wá, èyí tó ṣì wà ní aago Gíríníìṣì. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lójú àwòrán rẹ̀, igbó ti ń làágùn kí oòrùn tó yọ. Ọmọ náà wò ó títí, ó yẹ oṣù kan wò tẹ̀ lé òmíràn, bákan náà ló ń rí. Ó gbà pé ojú òun ti rí ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí, pé igbó ilẹ̀ wa máa ń jí kí oòrùn tó là.

Nínú ìpàdé ló ti kọ́kọ́ fi àwòrán náà hàn wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Japheth fi ojú kàn án tó ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, pé aago ni, pé kí ọmọ náà fi wákàtí kan kún un. Ìgbà yẹn gan-an ni Àlájà Rahmah yíjú sí i.

"Ọ̀gbẹ́ni Àyàndá," ó ní, "akẹ́kọ̀ọ́ yín ti kọjá yín o."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mofìyìn náà rẹ́rìn-ín, ó dorí kodò bí ọmọ tí wọ́n ń yìn lójú bàbá rẹ̀. Japheth gbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, ó sì jó o lọ́nà ọ̀fun bí ẹ̀kọ gbígbóná. Owú ni. Kí á má pè é lórúkọ mìíràn. Ó wo ìka ọmọ náà lórí kọ̀ǹpútà, ó rántí èèrà orí òpó, ó sì wí fún ara rẹ̀ pé: kó máa bá a lọ. Ọjọ́ tí àwọn àlejò bá dé, àwọn onímọ̀ tí wọ́n pè wá wo iṣẹ́ wọn, wọn yóò bi í, yóò sì ṣubú.

Láti ọjọ́ náà ni Japheth ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀ kan. Àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n máa ń kúrò ní Orozo, kí sún kẹrẹ fà kẹrẹ Nyanya má bàa ká wọn mọ́. Mofìyìn á ti dúró sí ìkóríta, á wọ mọ́tò, á kí i. Bó bá ti ti ilẹ̀kùn tán, Japheth á bi í pé, "Ṣé igbó ti jí lónìí?"

Á ní, "Ó ti jí tipẹ́, sà. Oòrùn ló ń sùn." Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn sójà ojú ọ̀nà, Japheth á kí wọn, "Sànnu," wọn á ní, "Yauwa," ẹ̀rín náà á ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń dùn mọ́ ọn. Kò sí ohun tó dùn mọ́ òjòwú tó pé kó mọ ohun tí ẹni tí òun ń jowú kò mọ̀.

Ìgbà mìíràn wà tó ń fẹ́ sọ ọ́. Nígbà kan tí ọmọ náà gbé ọ̀dùnkún tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ilé wá fún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ọ́fíìsì tó sì bá Àlájà níbi tó ti ń sọ ọ́ fún àlejò pé, "A ní ọmọ kan níbí o, igbó ń bá a sọ̀rọ̀," inú rẹ̀ á tún le padà.

Abímbọ́lá ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Shalom ọmọ wọn ń gbọ́ gbogbo Yorùbá tí wọ́n ń sọ, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn láti inú yàrá.

"Dadi Shalom, Mofìyìn ńkọ́? Ẹ kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́."

Japheth kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan. Ìgbà tó yá, ó rò ó fún un, àti aago, àti wákàtí kan, àti ọ̀rọ̀ Àlájà. Ó rò ó bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Abímbọ́lá gbọ́ ọ tán.

"Ẹ wá mọ̀ ọ́n, ẹ sì dákẹ́?"

"Ṣé èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà fún un ni?"

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ kó iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ tí ẹ ò sọ ti aago fún un? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Ọmọ tuntun wo? Ọmọ tuntun tó fẹ́ gba àga nídìí mi?"

Abímbọ́lá wò ó látòkè délẹ̀. "Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Mo rò pé oúnjẹ mi ni kò dùn mọ́ yín lẹ́nu ni, àṣé owú ló ń jẹ yín ju bí ẹ ṣe ń jẹun lọ." Ó kó abọ́ kúrò níwájú rẹ̀. "Ẹ sọ fún un kí àlejò tó dé o."

Japheth ní òun yóò sọ ọ́. Kò sọ ọ́.

Ọjọ́ àlejò pé. Gbọ̀ngàn ọ́fíìsì kún, ẹ̀rọ amúlétutù ń ké, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ètò. Mofìyìn dìde pẹ̀lú aṣọ tuntun, ó sọ̀rọ̀ igbó bí ẹni ń sọ ti ìyá rẹ̀. Ó ní ewé ń mọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́, ó ní igbó ń múra sílẹ̀ de oòrùn bí obìnrin tó ń dáná kí àwọn ọmọ tó jí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an. Japheth jókòó sẹ́yìn, ó ka ọwọ́ lé itan, ó ń dúró. Kò mọ̀ bóyá ayọ̀ ló ń ṣe òun tàbí ẹ̀rù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ti Kumasi wá na ọwọ́ sókè, bàbá arúgbó tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní iṣẹ́ náà dára. Ó ní igbó tiwọn ní Gánà jọ tiwa, òpó wọn jọ òpó wa, àmọ́ igbó tiwọn kì í jí kí oòrùn tó là.

"Ní ọ̀dọ̀ tiwa," ó ní, "aago ara ògiri wa àti aago Gíríníìṣì, ọ̀kan náà ni. Bí a bá tilẹ̀ gbàgbé, kò lè bà wá jẹ́. Tiyín kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, ta ló yẹ aago òpó yín wò?"

Ohun tí Japheth ń dúró dè rèé. Ó rọra nà sókè kí ó lè rí ojú ọmọ náà dáadáa nígbà tí yóò bà jẹ́.

Ojú Mofìyìn kò bà jẹ́. "Ọ̀gá mi ni, Ọ̀gbẹ́ni Àyàndá," ló wí, ó sì nawọ́ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Àwọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tò ó. A jọ ń wọ mọ́tò kan wá síbí láràárọ̀, kò sì sí ibi tí wọn ò mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, wọn ì bá ti sọ fún mi."

Gbogbo orí yí padà. Japheth dìde, orúnkún rẹ̀ dún. Bó bá ní aago náà pé, irọ́ ni yóò fi orúkọ ara rẹ̀ dì lókùn. Bó bá sọ̀rọ̀, kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò dúró sí.

"Aago Gíríníìṣì ló wà," ló wí. "Wákàtí kan ni. Tí ẹ bá fi wákàtí kan kún un, oòrùn ni yóò máa jí igbó."

Mofìyìn yíjú sí àwòrán rẹ̀, ó wò ó, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Àlájà Rahmah bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Àyàndá, ìgbà wo lẹ mọ èyí?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀ràn. Japheth rí i pé ọmọ náà ń wo òun, kò sì sí ẹ̀sùn kankan lójú rẹ̀. Ṣe ló ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń yọ nínú kànga ṣe ń wo ẹni tó mú okùn dání. Ìtìjú dé bá Japheth, ó sì ṣe ohun tí ìtìjú máa ń mú kí èèyàn ṣe.

"Nísinsìnyí ni, mà. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe béèrè rẹ̀ ló sọ sí mi lọ́kàn."

Ẹyin lohùn. Bàbá Kumasi rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí àgbà wà fún nìyẹn. Àlájà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé inú ilé ni wọ́n ti rí i, kò tíì jáde síta. Kí wọ́n tó pín oúnjẹ ọ̀sán ló ti fa Japheth sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí ó lọ múra sílẹ̀, òun ló máa jẹ ọ̀gá ẹ̀ka tuntun, pé iṣẹ́ yìí kò yẹ fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Ohun tó ń wá bọ́ sí i lọ́wọ́ pátá. Ó lọ sídìí fèrèsé, ó ń wo òkè Mpape lọ́hùn-ún, kò lè jẹ ìrẹsì tó wà níwájú rẹ̀.

Mofìyìn wá bá a níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí táìlì lójú gbogbo èèyàn. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ bò mí láṣìírí. Ká ní ìta ni mo gbé e lọ ńkọ́?" Ojú rẹ̀ ti wú. Japheth ní kó dìde, ó ní kò tó nǹkan.

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ọmọ náà kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní òun máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó ní mọ́dẹ̀lì náà ṣì lè dára bí aago bá ti tọ́. Ó kí i kú oríire àga tuntun, tọkàntọkàn ló sì fi kí i. Japheth ń dá a lóhùn lẹ́yọ lẹ́yọ. Ní Nyanya, mọ́tò dúró gbọnyin, àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá ń gba àárín ọkọ̀ kọjá. Ọmọ náà wò wọ́n títí wọ́n fi kọjá.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan."

"Béèrè."

"Láràárọ̀, bí mo bá ti wọlé, ẹ máa ń bi mí pé ṣé igbó ti jí."

Japheth di ọwọ́ ọkọ̀ mú. "Ẹ̀fẹ̀ ni, Mofìyìn."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni, sà. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín." Ó ń wo ọkọ̀ tó wà níwájú. "Mo rò pé a jọ ń rẹ́rìn-ín ni."

Ó ti wà lẹ́nu Japheth pé òun tọrọ àforíjì. Ọkọ̀ iwájú ṣí, ó tẹ̀ lé e. Wọ́n dé ìkóríta Orozo. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ti máa ń ṣe. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ bá mi kí mọ́mì Shalom."

Nígbà tó délé, Abímbọ́lá bi í bí ètò ṣe lọ. Ó ní wọ́n ti fún òun ní àga náà. Abímbọ́lá wo ojú rẹ̀, kò kí i kú oríire.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí Japheth fi dé ìkóríta. Ó ti to gbogbo ohun tó máa sọ sínú. Ó máa sọ ìgbà tó mọ̀ ọ́n. Ó máa ní òun yóò sọ fún Àlájà, bí àga náà bá sì bọ́, kó bọ́. Kò sẹ́nì kankan níbi tí ọmọ náà máa ń dúró sí. Ó ń retí rẹ̀, iná mọ́tò ń tàn sára ògiri ilé epo, àwọn kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá pẹ̀lú èrò. Ó pè é, fóònù dún títí, kò gbé e.

Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa lọ, sà. Igbó ti jí."

Japheth wo ojú ọ̀run ìhà Karshi. Oòrùn kò tíì yọ.